Ọwọ̀n Ìrántí Kò Kọ́ Ọmọ ní Omi Wíwẹ̀

Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá yìí kò ní dùn mọ́ àwọn olùkọ́ kan nínú, bẹ́ẹ̀ ni àwọn òbí mìíràn yóò máa wò mí bí ẹni tí kò níṣẹ́ ṣe. Kò burú. Ohun tí mo ń wí ni pé a ń to àwọn ọmọ tí ń bẹ ní Òṣòdì àti Ìsọlọ̀ jọ sínú iyàrá bí ẹní to àpò gààrí, a ti ilẹ̀kùn mọ́ wọn, a ní ẹ̀kọ́ ni à ń kọ́ wọn. Mo sì ń wí pé ó di dandan kí a máa kó wọn jáde lọ pàgọ́, kí wọ́n sùn níta fún ọjọ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin lọ́dọọdún, lábẹ́ àṣẹ àgbà tí ó mọ ohun tí ó ń ṣe. N kò pè é ní eré. Ọ̀rọ̀ ẹ̀mí ni.

Ẹ bá mi wo ọmọ ọdún méjìlá kan tí ń gbé ní Mafolúkù tàbí ní Ṣógúnlẹ̀. Ó jí, ó wẹ̀, ó gba ẹ̀gbẹ́ kòtò ìdọ̀tí dé ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀. Ilé alájà méjì ni ilé-ẹ̀kọ́ náà. Ibi tí ó yẹ kí pápá ìṣeré wà, bọ́ọ̀sì ilé-ẹ̀kọ́ ni wọ́n gbé sí i. Láti aago mẹ́jọ ni ó ti jókòó. Bí aago méjì bá lù, kò lọ sílé, lẹ́sìnnì bẹ̀rẹ̀. Bí ó bá délé, wọ́n a tìlẹ̀kùn mọ́ ọn nítorí ọkọ̀ àti nítorí àwọn ọmọ ìta, òun àti tẹlifíṣọ̀n a sì jọ máa wo ojú ara wọn. Ìsinmi ọlọ́jọ́ gbọọrọ dé ní oṣù kẹjọ, a rò pé ara yóò tù ú: ó tún di lẹ́sìnnì, nínú kíláàsì kan náà, lórí bẹ́ǹṣì kan náà, owó ọ̀tọ̀ ni wọ́n sì ń gbà lé e. Bí ilé-ẹ̀kọ́ bá fẹ́ ṣe ojú ayé, wọn a kó wọn sínú ọkọ̀, wọn a kó wọn lọ wo ṣọ́ọ̀bù ńlá tí àtẹ̀gùn rẹ̀ ń dá rìn, wọn a ra áísìkirímù fún wọn, wọn a kó wọn padà, wọn a ní àwọn lọ sí ẹskọ́ṣọ̀n. Kí ni ọmọ náà kọ́? Ó kọ́ pé áísìkirímù tutù.

Èmi ìbá má janpata bí kì í bá ṣe ti Òkè-Àfà. Ní ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ 27 oṣù kìíní ọdún 2002, nígbà tí ilẹ̀ ń ṣú lọ, ibi tí àwọn ológun ń kó àdó olóró pamọ́ sí ní bárékè Ìkẹjà gbiná, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í dún bí ẹni pé ayé ń parẹ́. Àwọn ará Òṣòdì, Ìsọlọ̀, Èjìgbò àti àdúgbò tí ó yí wọn ká kò mọ ohun tí ń dún, wọ́n sáré. Òkùnkùn ti kùn. Ọ̀pọ̀ wọn sá dé kánáàlì Òkè-Àfà ní Ìsọlọ̀. Koríko ojú omi ti bo kánáàlì náà, ó tẹ́ lọ pẹrẹsẹ bí ilẹ̀, àwọn tí ó ṣíwájú kò sì mọ̀ pé omi ni àwọn fẹ́ tẹ̀. Àwọn tí ń bọ̀ lẹ́yìn sì ń tì wọ́n. Ẹni tí ó kú nínú ìjàǹbá náà lé ní 1,000; púpọ̀ nínú wọn ni omi yìí gbé, àwọn obìnrin àti ọmọdé sì pọ̀ níbẹ̀. A kọ́ ọwọ̀n ìrántí síbẹ̀. Ní ọ̀pọ̀ ìgbà ni àwọn ènìyàn ńlá ti lọ gbé òdòdó kalẹ̀ ní ẹsẹ̀ rẹ̀, tí wọ́n sọ̀rọ̀, tí wọ́n sì wọ ọkọ̀ wọn lọ.

N kò ní kí a má ṣe ìrántí òkú. N kò sì sọ pé ẹ̀kọ́ ìpàgọ́ ni ìbá gba gbogbo wọn là, nítorí ẹni tí èrò tì lu omi lóru, bí ó tilẹ̀ mọ̀ wẹ̀, ó lè kú. Ẹni tí ó kó àdó olóró sí àárín ìlú ni ẹjọ́ náà kọ́kọ́ kàn. Ṣùgbọ́n mo bi yín: láti ọdún 2002 títí di òní, ilé-ẹ̀kọ́ mélòó ní Ìsọlọ̀ ni ó ń kọ́ ọmọ bí ènìyàn ṣe ń léfòó lórí omi? Mélòó ni ó ti mú ọmọ jáde lálẹ́ kí ó mọ bí a ṣe ń rìn nínú òkùnkùn láìti ara ẹni ṣubú, bí a ṣe ń fi ọ̀pá dá ilẹ̀ wò kí a tó tẹ̀ ẹ́, bí a ṣe ń ka orí ara wa kí ẹnì kan má bàa sọnù? Nínú gbogbo ilé-ẹ̀kọ́ tí mo fẹsẹ̀ ara mi rìn dé níbẹ̀, n kò rí ẹyọ kan.

Àwọn àgbà kan a máa fi òwe dá mi lóhùn pé òmùwẹ̀ níí bá odò lọ. Mo gbọ́. Ṣùgbọ́n ta ni òwe náà ń bá wí? Ẹni tí ó gbójú lé ọgbọ́n rẹ̀ jù ni ó ń kìlọ̀ fún. Kò ní kí ọmọ ènìyàn má mọ omi wẹ̀. Àwọn tí ó bá omi lọ ní Òkè-Àfà, mélòó ni òmùwẹ̀ nínú wọn? Ẹ dé Mákòkó, tí kò fi bẹ́ẹ̀ jìnnà sí Òṣòdì, kí ẹ wo ọmọ Ẹ̀gùn tí kò tíì pé ọdún mẹ́wàá tí ń tukọ̀ lọ ra nǹkan fún ìyá rẹ̀. Kò sí olùkọ́ tí ó fi ẹfun kọ ọ́ sójú pátákó fún un. Àjọ Ìlera Àgbáyé ti sọ ọ́ léraléra pé kíkú sómi wà lára ohun tí ń pa ọmọdé jù lọ láyé, pé ó ju mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá rẹ̀ lọ tí ó jẹ́ pé àwọn orílẹ̀-èdè tí kò lówó púpọ̀ lọ́wọ́ ni ó ti ń ṣẹlẹ̀, wọ́n sì gbani níyànjú pé kí á máa kọ́ ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ ní omi wíwẹ̀ àti bí a ṣe ń yọ ẹlòmíràn láìfi ara ẹni wewu. Láti ọdún 2021, ọjọ́ 25 oṣù keje ni Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé yà sọ́tọ̀ fún ọ̀rọ̀ yìí. Èkó tí omi yí ká kò gbọ́!

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí àwọn ẹlòmíràn ṣe nígbà tí omi ń gbé ọmọ tiwọn. Nígbà ogun Hitler, àwọn ará Jámánì ń ri ọkọ̀ ojú omi àwọn Gẹ̀ẹ́sì lọ́tùn-ún lósì. Lawrence Holt, ọ̀kan nínú àwọn ọlọ́kọ̀ ojú omi, ṣàkíyèsí pé bí ọkọ̀ bá rì, àwọn ọ̀dọ́ tí ara wọn le ni ń tètè kú, tí àwọn àgbà atukọ̀ tí ojú wọn ti rí nǹkan sì ń yè é. Òun àti Kurt Hahn, olùkọ́ kan tí ó sá kúrò ní Jámánì nítorí Hitler, ni wọ́n pawọ́ pọ̀ dá ilé-ẹ̀kọ́ kan sílẹ̀ ní Aberdovey ní ilẹ̀ Wales ní 1941. Nǹkan bí oṣù kan ni ọmọ ń lò níbẹ̀: ó ń tukọ̀, ó ń gun òkè, ó ń kọ́ bí a ṣe ń gba ẹlòmíràn là. Ẹ wò ó bí ọ̀rọ̀ náà ti rí. Omi gbé ọmọ wọn, wọ́n kọ́ ilé-ẹ̀kọ́. Omi gbé ọmọ wa, a kọ́ ọwọ̀n.

Kí ẹnikẹ́ni má sì sọ pé ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè ni. Ní 1951, Alec Dickson dá irú ilé-ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ fún àwa náà ní Man O' War Bay, lẹ́bàá Victoria tí a ń pè ní Limbe nísinsìnyí, ní apá Kamẹrúùnù tí ó wà lábẹ́ Nàìjíríà nígbà náà. Àwọn ọ̀dọ́ wẹ̀ nínú òkun, wọ́n gun Òkè Kamẹrúùnù, wọ́n sì bá àwọn ará abúlé ṣe iṣẹ́ ìlú. Nígbà tí apá ibẹ̀ bá Kamẹrúùnù lọ ní 1961, ilé-ẹ̀kọ́ náà kó wá sí Nàìjíríà; ti ẹ̀kọ́ ojú omi fìdí kalẹ̀ sí Àpápá, ti òkè gígùn sì fìdí kalẹ̀ sí Shere lẹ́bàá Jọ́ọ̀sì. Níbẹ̀ ni orúkọ àwọn Man O' War tí ẹ ń rí nínú fásitì wa ti ṣẹ̀. Àpápá ni mo wí o! Ọ̀nà márosẹ̀ tí ó gba ẹnu ọ̀nà àwọn ọmọ wọ̀nyí kọjá, ọ̀nà Òṣòdì sí Àpápá ni orúkọ rẹ̀. Ojoojúmọ́ ni ọmọ Ìsọlọ̀ ń rí tírélà tí ó gbé àpótí irin ti etí òkun bọ̀, kò sì mọ bí òkun ti ń rùn.

Bí mo bá sọ bẹ́ẹ̀, wọn a ní ṣebí àwọn àgùnbánirọ̀ ń lọ sí àgọ́. Bẹ́ẹ̀ ni, láti 1973 ni òfin wọn ti wà, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni wọ́n sì ń lò nínú àgọ́ kí wọ́n tó fọ́n ká. Ṣùgbọ́n àgbàlagbà tí ó ti jáde fásitì nìyẹn, tí irungbọ̀n ti hù. Ọmọ Mafolúkù tí kò ní dé fásitì ńkọ́?

Àwọn mìíràn a ní àṣà òyìnbó ni ìpàgọ́. Èyí ni ó ń bí mi nínú jù. Lóòótọ́, Baden-Powell kó nǹkan bí ogún ọmọkùnrin lọ pàgọ́ ní erékùṣù Brownsea ní 1907, Síkáótù sì dé ọ̀dọ̀ wa ní 1915. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ Áfíríkà níbí ni ọkùnrin náà ti jagun kí ó tó ṣe bẹ́ẹ̀, níbẹ̀ ni ó sì ti kọ́ púpọ̀ nínú ọgbọ́n ìtọpasẹ̀ àti ti ìgbé inú igbó. Baba tiwa ńkọ́? Bí baba bá ń lọ sí oko ẹgàn, ọmọ á tẹ̀lé e, ahéré ni wọ́n ń sùn, ó sì lè tó ọ̀sẹ̀ méjì kí wọ́n tó fojú kan ìlú. Níbẹ̀ ni ọmọ ti ń mọ ewé tí a ń jẹ àti èyí tí a kì í jẹ, ẹyẹ tí ń ké bí ilẹ̀ bá fẹ́ mọ́, ibi tí ejò fẹ́ràn, bí a ti ń dáná tí èéfín kò ní lé ènìyàn jáde, bí a sì ti ń pa iná náà kí igbó má bàa jó. Bí iṣẹ́ bá wọni lọ́rùn, wọn a pe àáró. Ọmọdé a mọ̀ pé bí òun kò bá lọ sí oko lágbájá lónìí, ẹnikẹ́ni kò ní wá sí ti baba òun lọ́la. Ọmọ ọdẹ kò ní ìwé, baba rẹ̀ ni ó ń tẹ̀ lé lẹ́yìn tí ó fi mọ ohun gbogbo. Bí a bá mú ọmọ lọ sùn sínú igbó nísinsìnyí kí ó kọ́ irú ẹ̀kọ́ yìí, àwọn tí baba ńlá wọn dàgbà ní ahéré ni yóò kọ́kọ́ yọ ṣùtì sí wa!

Ẹ̀rù àwọn ajínigbé ni àwáwí tí mo gbà pé ó ní ẹsẹ̀ nílẹ̀. Ní oṣù kẹrin ọdún 2014 wọ́n kó ọmọbìnrin 276 ní Chibok. Ní 2017 wọ́n kó ọmọkùnrin mẹ́fà ní ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba ní Ìgbónlá lẹ́bàá Ẹ̀pẹ́, ó sì lé ní oṣù méjì kí wọ́n tó rí wọn gbà. Òbí tí ó bá bẹ̀rù lẹ́yìn èyí kò ya òmùgọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí i pé inú ilé-ẹ̀kọ́ ni wọ́n ti kó wọn, lórí ibùsùn. A kò sì torí rẹ̀ sọ pé kí ilé-ẹ̀kọ́ kógbá sílé. Ẹ̀ṣọ́ ni a ní kí wọ́n fi kún un. Ẹni tí ó bá tún ní òbí Yorùbá kò lè jẹ́ kí ọmọ òun sùn níta, kí onítọ̀hún dé òpópónà Èkó sí Ìbàdàn ní oṣù kẹjọ, kí ó wo bí àwọn ìjọ ti ń kó ọmọdé lọ sí àgọ́ wọn, tí wọ́n ń bọ́ wọn, tí wọ́n ń tẹ́ ẹní fún wọn. Nítorí náà, kì í ṣe pé a kò mọ bí a ti ń ṣe é. Bí a bá fẹ́ lọ gbàdúrà, a mọ̀ ọ́n.

Nígbà tí mo ń fi iṣẹ́ olùkọ́ dánra wò ní ilé-ẹ̀kọ́ kan ní àdúgbò náà, n kò ní dárúkọ rẹ̀, mo lọ bá ìyá tí ó ni ibẹ̀. Mo dọ̀bálẹ̀, mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ jẹ́ kí a kó àwọn ọmọ lọ pàgọ́ fún ọjọ́ mẹ́ta."

Ó wò mí títí, ó ní, "Ọmọ mi, ṣé wọ́n máa bi wọ́n léèrè nínú ìdánwò ni?"

"Rárá, mà."

"Ṣé owó wà níbẹ̀?"

"Kò sí owó níbẹ̀, mà. Owó oúnjẹ nìkan ni."

"Ó dáa. Pẹ̀lẹ́ o. Lọ kọ́ wọn ní ìṣirò."

Ìyá náà kì í ṣe ènìyàn búburú o. Ó ń fún àwọn ọmọ tí kò rí owó san láàyè láti jókòó. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ìbéèrè méjèèjì tí ó bi mí. Kò bi mí pé ta ni yóò tọ́jú wọn, kò bi mí pé irú omi wo ni ó wà níbẹ̀. Ìbéèrè tí ó yẹ kí ó bi mí gan-an ni kò bi.

Mo fẹ́ sọ àwọn ìbéèrè náà fún ẹ̀yin tí ẹ óò di olùkọ́, kí ẹ lè máa bi ara yín. Ṣé ẹ ti lọ wo ibẹ̀ fúnra yín? Ẹ̀ẹ̀mejì ni kí ẹ lọ, lẹ́ẹ̀kan nínú òjò, nítorí ilẹ̀ tí ó gbẹ ní oṣù kejì a máa di ẹrẹ̀ ní oṣù keje. Ṣé ẹ ti kí baálẹ̀ ibẹ̀, tí àwọn ọlọ́dẹ ibẹ̀ sì mọ ojú yín? Èyí nìkan tó ààbò ju géètì lọ. Níbo ni ẹ óò gbẹ́ ṣáláńgá sí? Ìsàlẹ̀ ibi tí omi mímu wà ni, kí ó sì jìnnà sí i. N kò rí ohun tí ń yára tú àgọ́ ká bí inú rírun. Ọmọ wo ni ó ní ikọ́ ẹ̀gbẹ, èwo ni ó ní àrùn fòníkú-fọ̀ladìde tí òtútù kò gbọdọ̀ mú? Òbí ni yóò kọ ọ́ sílẹ̀ fún yín, kì í ṣe pé kí ẹ máa mefò. Ilé ìwòsàn wo ni ó sún mọ́ ibẹ̀ jù, ọkọ̀ ta ni yóò sì sùn sínú àgọ́, tí epo wà nínú rẹ̀? Olùkọ́bìnrin ni kí ó wà lọ́dọ̀ àwọn ọmọbìnrin, kò sì sí àgbà kan tí ó gbọdọ̀ dá wọ ibi tí ọmọ kan sùn sí. Olúkúlùkù ọmọ ni kí ó ní ẹnìkejì tirẹ̀. Bí a bá súfèé, kí wọ́n di ara wọn lọ́wọ́ mú, kí ẹ kà wọ́n. Ẹ kà wọ́n kí wọ́n tó wọ omi, ẹ kà wọ́n nínú omi, ẹ kà wọ́n bí wọ́n bá jáde. Omi tí kò bá sí òmùwẹ̀ àti okùn létí rẹ̀, kí ọmọ kankan má ti ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́, bí ó ti wù kí oòrùn mú tó. Bí ẹ kò bá rí gbogbo èyí dáhùn, ẹ jókòó sílé yín.

Lẹ́yìn náà, àwa mẹ́fà kan kó ọmọ mẹ́rìnlélógún láti Ìsọlọ̀ lọ sí ẹ̀bá Badagry, pẹ̀lú ìwé àṣẹ òbí wọn, a sì sùn ní òru mẹ́ta. Ní òru kìíní, ọmọkùnrin kan tí ilé wọn kò jìnnà sí ibùdókọ̀ Òṣòdì wá jí mi. Mo rò pé inú ń run ún. Ó ní, "Bùọ̀dá, ẹ má bínú, kí ló dé tí ibí dákẹ́ báyìí?" Ọmọ náà kò lè sùn nítorí pé kò sí ariwo! Láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i, kò tíì gbọ́ òru tí kò sí jẹnẹrétọ̀ tàbí agbèrò nínú rẹ̀. Mo ní kí ó jókòó, a fetí sílẹ̀. Ó ka ohùn márùn-ún kí oorun tó gbé e lọ. Ọ̀pọ̀lọ́ ni ó kọ́kọ́ mọ̀. Nígbà tí a fi máa padà, mọ́kàndínlógún nínú wọn ni ó lè fi ẹ̀yìn lélẹ̀ lórí omi títí a ó fi ka ọgọ́ta. Àwọn márùn-ún yòókù kò lè ṣe é. Ọjọ́ mẹ́ta kò tó fún wọn, ọjọ́ mẹ́ta ni a sì rí gbà.

Mo tún ní láti bá àwọn tí ń ba ọ̀rọ̀ náà jẹ́ wí. Àwọn kan wà tí ó jẹ́ pé bí wọ́n bá gbọ́ àgọ́, bárékè ni ó ń sọ sí wọn lọ́kàn. Wọn a jí ọmọ ní aago mẹ́rin, wọn a ní kí ó máa fò bí ọ̀pọ̀lọ́, wọn a fi ẹgba lé e ká pápá, wọn a ní àwọn ń sọ ọ́ di ọkùnrin. Ọmọ tí ó bá ti ibẹ̀ dé yóò kórìíra igbó títí ayé rẹ̀. Ẹni tí ó bẹ̀rù omi, bí ẹ bá tì í sí i, ìbẹ̀rù ni ẹ fi kún ìbẹ̀rù rẹ̀. Kí wọ́n fi ẹgba náà sílẹ̀ ní ìlú.

Nípa ti owó, n kò gbọ́ àròyé. Ẹ̀wà, gààrí, epo àti ẹja gbígbẹ ni àwọn ọmọ wa fọwọ́ ara wọn sè. Èésú ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ ni a fi kó owó ọkọ̀ jọ láti oṣù kìíní, ọmọ tí kò rí san kò sì yàtọ̀ sí ẹni tí ó san. Ṣùgbọ́n èésú kò lè ra ilẹ̀. Ìjọba Ìbílẹ̀ Òṣòdì-Ìsọlọ̀ ni ó yẹ kí ó wá ilẹ̀ kan ní ọ̀nà Badagry tàbí ọ̀nà Ẹ̀pẹ́, kí ó gbẹ́ kànga síbẹ̀, kí ó kọ́ ṣáláńgá mẹ́jọ àti òrùlé kan tí àwọn ọmọ lè sá sí bí òjò bá dé, kí ó sì gba olùtọ́jú kan tí ó mọ̀ wẹ̀ síṣẹ́. N kò béèrè ilé alárànbarà, n kò béèrè ayẹyẹ ìṣílé. Bí wọ́n bá sì ní ilẹ̀ kò tíì sí, kí wọ́n jẹ́ kí ilé-ẹ̀kọ́ tí ó ní pápá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú òru kan ṣoṣo nínú pápá náà, láàárín ọgbà tiwọn, kí òbí tí ẹ̀rù ń bà sì wá sùn tì wọ́n.

Ní oṣù kẹjọ tí ń bọ̀, a tún ń lọ. A ti ní olùkọ́ mẹ́rin, nọ́ọ̀sì kan, àti bàbá awakọ̀ kan tí ó gbà láti sùn sínú ọkọ̀ rẹ̀. Òmùwẹ̀ méjì ni ó kù tí a ń wá. Ẹni tí ó bá mọ̀ wẹ̀ nínú ẹgbẹ́ wa, kí ó wá rí mi lẹ́yìn ìpàdé Ọjọ́bọ̀, kí ó sì mú ṣòkòtò ìwẹ̀ rẹ̀ dání, nítorí a ó dán an wò.